Ewì Olè Àgbàdo

Bí mo bá sọ èyí fún yín, irọ́ ni ẹ ó pè é, mi ò sì ní bá yín jà. Lánàá, ọmọbìnrin mi ń ka ewì iṣẹ́ ilé rẹ̀ sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá bi mí pé: “Pápá, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ewì yìí?” Ẹ̀rín pa mí. Ìbéèrè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé olùkọ́ wa kúrò ní Ifangni, ìlú wa, láyé Révolution, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jọ máa ṣiṣẹ́ ìlú.

Nígbà náà, iléèwé ló ní oko, ọwọ́ àwa ọmọdé la sì fi ro tiwa. Àwọn àgbà ní tiwọn, bí wọ́n bá pé sípàdé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dìde kó ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀: mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ìlú, mo ṣe ìmẹ́lẹ́. Autocritique ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ wí i, òun ló ṣe é, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nígbà tí àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í dín lóko wa, olùkọ́ wa, tí à ń pè ní Mètìrì, kọ ewì kan sí pátákó:

Mo wọ oko tí gbogbo wa jọ ro,
Mo ya àgbàdo mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀wù.
Ẹnu ń jẹ, ojú ń wolẹ̀.
Ta ni mo jà lólè, bí kò ṣe ara mi?

Ó ní ká wo bó ṣe rí: ìlà mẹ́ta ń ròyìn, ìkẹrin ń béèrè. Ó ní ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wúwo ni pé olè wà lára àwọn tó ni oko. “Bon, ta ló ń sọ̀rọ̀?”

Sàbúrátù, olórí kíláàsì, ọmọ alága ìgbìmọ̀ ìlú, fò dìde: “Ẹ̀yin ni, Mètìrì! Ẹ ti jẹ́wọ́!”

Mètìrì rẹ́rìn-ín, ó ní ewì dà bí aṣọ, ẹni tó bá ń kà á ló wọ̀ ọ́. Sàbúrátù ò gbà. Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá rẹ̀ ti gbọ́, ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ wá lé olùkọ́ tó ń jí oko ọmọdé jẹ.

Èmi ni mo ya àgbàdo. Mẹ́ta kọ́, márùn-ún ni.

Àwọn ìpàdé yẹn ti tán. Ṣùgbọ́n títí dòní, n kò tíì rí ẹni tó ka ewì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò kọ́kọ́ wo ojú aládùúgbò rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú àsíá, alága ti dé, mo jáde láti jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi kọ̀, kò jáde. Ti ewì ló jáde: “Mo wọ oko tí gbogbo wa jọ ro, mo ya àgbàdo márùn-ún…” Mo kà á tán pẹ̀lú omijé.

Alága pàtẹ́wọ́. “Háà, Sàbúrátù! Ọmọ yìí náà ń wí i. Ṣé òun náà ló jí i ni? Camarade Mètìrì, ẹ má bínú.”

Gbogbo iléèwé bú sẹ́rìn-ín. Mètìrì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí, ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ kan dé márùn-ún, ó sì fi mí ṣe olùṣọ́ oko títí di ìgbà ìkórè.