Ìyá Àmì àti Máṣìn Tí Kò Fẹ́ Orúkọ Yorùbá

Morádéyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Àmì, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Ìyànà Ìbà, kọ̀ǹpútà méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń tẹ̀ jù, pàápàá àwọn tó ń kọ́ Yorùbá.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun tẹ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó tó ọgọ́rùn-ún ojú ìwé láìfi àmì kan ṣoṣo sí i. Olùkọ́ ọmọ náà dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó ní “igba” tó wà lójú ìwé kìíní yìí, ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni àbí ìgbà tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni? Ojú ti Morádéyọ̀. Oṣù kan gbáko ló fi kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí lẹ́tà àti sábẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó tẹ̀ tí kì í fi àmì sí. Bó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, àmì á pé síbẹ̀. Èmi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Káfíńtà lèmi, ní Igbó-Elérin níbí. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, máṣìn tí a fi ń la pákó gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Èmi tí mo ń fi ọwọ́ gbẹ́ òdòdó àti orúkọ sára ilẹ̀kùn, mo wá di ẹni tí kò lè di irin iṣẹ́ mú dáadáa. Ohun tó gbà mí ni máṣìn tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ẹ ó ti àwòrán bọ inú kọ̀ǹpútà, irin rẹ̀ á máa gbẹ́ igi fúnra rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sídìí iṣẹ́. Ìyá Àmì ló ń ya àwòrán àti orúkọ fún mi. Kò wo ojú kọ̀ǹpútà mi rí. Fláàṣì ló ń rìn láàárín wa.

Lọ́dún yìí, kọ̀ǹpútà tó bá máṣìn náà wá kú. Mo ra òmíràn, àlòkù, ní Alábà, ni wàhálà bá dé. Mo bá ṣí iṣẹ́ kan, ojú rẹ̀ á funfun báláú, ohunkóhun tí mo bá tẹ̀, kò ní dáhùn, máṣìn á dúró gbagidi. Mo gbọn eruku rẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo ra fáànù tì í.

Mo pe Ùsmán, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alábà. Bó bá ti dé, á ṣí fáìlì tirẹ̀ kan tó pè ní “test”, máṣìn á sì gbẹ́ ẹ láìdúró. Á ní, “Bàbá, e no get problem.” Kò ní tíì kọjá gọ́tà tán, mo bá ṣí iṣẹ́ tèmi, ó tún há! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bú Ùsmán pé òun ló ń ba nǹkan náà jẹ́ kí n lè máa pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìyàwó mi, Adéfúnkẹ́, ló kíyè sí i pé iṣẹ́ Isaac lọ, ti Rebecca lọ, ṣùgbọ́n ti Ìbídùn há, ti Ṣọlágbadé náà há. Ó ní, “Bàbá Dámilárá, máṣìn yìí ò fẹ́ orúkọ Yorùbá o. Orúkọ inú Bíbélì nìkan ló ń gbẹ́.” Ó fi òróró àdúrà kùn ún lórí. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo gbà kí ọkùnrin kan láti Òkòkòmáíkò wá gbé máṣìn náà lọ ní Sátidé, kó rà á. Mo mọ̀ pé bó bá ti lọ, iṣẹ́ káfíńtà ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ kan ló kù nílẹ̀, ilẹ̀kùn Alàgbà Ayọ̀délé tó kọ́lé sí Ọ̀tọ̀-Àwórì. “Àánúolúwapọ̀” ló ní kí n gbẹ́ sí i lára. Ìyá Àmì ti ya á, ó ti wà nínú fláàṣì, ó sì ti há lẹ́ẹ̀mejì. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó má ṣe wàhálà mọ́, mo ti ń ta máṣìn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló dé, tòógùn-tòógùn.

“Ẹ káàsán, Bàbá Dámilárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí bó ṣe ń hang.”

Mo ti fláàṣì bọ̀ ọ́. Orúkọ àwọn iṣẹ́ jáde. Isaac hàn gedegbe, Rebecca náà hàn. Àwọn tó kù, àpótí kéékèèké àti àmì ìbéèrè ló kún àárín lẹ́tà wọn.

“Kí lèyí?” ó bi mí.

“Bó ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo rò pé Yorùbá ti kọ̀ǹpútà ni.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n sọ iṣẹ́ tó lọ àti èyí tó há fún òun, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan “test” Ùsmán.

“Bàbá, èmi ni,” ó ní. “Orúkọ tí mo ń fún fáìlì, mo máa ń fi àmì sí i. Software orí kọ̀ǹpútà yìí ò lè kà á, ìyẹn ló ṣe ń hang. Isaac ò lámì, Rebecca ò lámì, ‘test’ Ùsmán ò lámì. Ẹ má bínú.”

Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó pa orúkọ fáìlì ilẹ̀kùn Alàgbà Ayọ̀délé rẹ́, ó tẹ lẹ́tà mẹ́rin ní ìhòòhò: aanu. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó dùn ún. Ó ṣí i. Ojú kọ̀ǹpútà ò funfun. Àwòrán ilẹ̀kùn jáde, mo tẹ bọ́tìnnì, irin sọ̀ kalẹ̀ sórí igi, ẹ̀rún pákó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Fún wákàtí méjì, kò dúró lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ ru. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, n ò rí ìbínú kankan nínú ara mi. Mo bi í pé bó bá dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀ láéláé?

“Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín,” ó ní. “Bí máṣìn yìí bá lọ, ọwọ́ yín yẹn ni màá máa rí.”

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì fi pamọ́. Mo pe ọkùnrin Òkòkòmáíkò pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Mo pe Ùsmán, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní, “Bàbá, ó ti tó.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi obìnrin yìí sí àdúgbò wa.

Nígbà tí máṣìn dákẹ́, Ìyá Àmì fẹ́ ẹ̀rún pákó kúrò lójú ilẹ̀kùn náà. Àmì tó yọ lára fáìlì, gbogbo rẹ̀ ló wà lára igi. Ó ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé èyí tó wà lábẹ́ lẹ́tà ìkẹyìn.

“Ó pé,” ó ní.

Mo gbé ọwọ́ oníka mẹ́ta mi lé orúkọ náà, mo kà á sókè.

“Ó pé, Ìyá Àmì. Ó sì pọ̀.”