Ẹyẹ Erékùṣù Láàárín Àwọn Ẹ̀gà

Òjò ò tíì rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù ti gbá ewé mángòrò jọ sẹ́nu ọ̀nà, ojú ọ̀run sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gbọ́ gbàmù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí èmi àti ìyá ìyá mi tó sáré débẹ̀, àgò ti wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí, ẹyẹ ti lọ.

Ní GRA Ìkẹjà ni, nílé ọ̀gá tí ìyá àgbà ń bá ṣiṣẹ́, tó fún wa ní yàrá kan lẹ́yìn. Ọ̀gá ló gbé ẹyẹ náà wá láti erékùṣù kan lókè òkun. Ó kéré, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tútù. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá ń ti ìrìn àjò bọ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú ìyá àgbà fọ́ àwo kan péré, wọ́n lé e. Bí wọ́n bá lé àwa náà, ibo la máa sùn?

Ẹ̀gà kún orí mángòrò, gbogbo wọn ló pọ́n bí ìyeyè.

"Òun nìyẹn!" mo ké.

"Abo ẹ̀gà nìyẹn, olójú kòtò," ni ìyá àgbà wí. "Wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe tóbi. Tiwa, ẹnu ẹ̀ ò ju hóró ọkà lọ. Orí ẹ̀ ò sì dúdú bíi tàwọn akọ yìí."

Mègáàdì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ kúkú mú ẹ̀gà kan sínú àgò."

"Ẹ̀gà kẹ̀? Bí ọ̀gá bá fẹ́ sùn, ṣé ìwọ lo máa bá mi pa á lẹ́nu mọ́?"

Ó gbé atẹ tó fi ń fẹ́ jéró fún ẹyẹ náà láràárọ̀, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń fẹ́ ẹ: ṣàà, ṣàà.

Lójijì, gbogbo ẹ̀gà dákẹ́ rọ́rọ́. Òjìji kan kọjá lórí ilẹ̀. Àṣá ni. Ohùn kan ṣoṣo ló ṣì ń kọrin lórí ẹ̀ka òkè pátápátá. Ẹyẹ erékùṣù ò mọ àṣá.

"A ti rí i," ni ìyá àgbà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àṣá rí i."

Kò pariwo, kò dìde. Ó ń fẹ́ jéró rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Àṣá tún yí po. Orin dá. Mo dijú.

Nígbà tí mo lajú, ẹyẹ wà létí atẹ, ó ń ṣa jéró. Ìyá àgbà da ìborùn bò ó wẹ́rẹ́, ó dá a padà sínú àgò. Ọ̀gá dé lọ́sàn-án, ó súfèé sí ẹyẹ rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Bí àdúgbò bá dákẹ́ lójijì, mo ṣì máa ń gbójú sókè kí n tó lanu.

Lọ́jọ́ kejì tí ẹyẹ náà sá lọ, ìyá ìyá mi fa òwú yọ létí ìró rẹ̀, ó fi so ilẹ̀kùn àgò. Ó wá gbé e kọ́ sábẹ́ òrùlé níbi tó ti kọjú sí mángòrò.

"Kó máa wo àwọn ẹ̀gà," ó ní, "kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."