Gíà Ọlọ́wọ́ Ọkọ̀ Bàbá Ti Di Ìkòkò

Èmi Alhaji Yàyá, ọlọ́kọ̀ asáré kan ṣoṣo ní Gàmbàrí, ni mò ń sọ̀rọ̀: wọ́n ti ba ọkọ̀ mi jẹ́!

Oníbàárà tó fẹ́ ra á dé láti Kàdúná láàárọ̀ yìí. Owó tí mo bá ta ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ fi lọ Mẹ́kà. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó fẹsẹ̀ wá kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yí gíà, kò rí i.

"Bàbá, gíà ọlọ́wọ́ ló sọ irú ọkọ̀ yìí di ọ̀wọ́n. Ọtọ́ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀ kún ìgboro!"

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo lọ bá mẹkáníìkì mi, ó ní, "Wallahi, ẹ̀yin lẹ pariwo láti ẹ̀yìn ògiri pé kí n yọ gíà ọlọ́wọ́, kí n fi ọtọ́ sí i, pé orúnkún ń dùn yín. Alágbẹ̀dẹ ti fi ṣe ìkòkò."

Irọ́ ni, kì í ṣe Bàbá ló pariwo. Èmi Sàká ọmọ rẹ̀ ni mo sín Bàbá jẹ lẹ́yìn ògiri, èmi náà ló kọ èyí bí ẹni pé Bàbá ló ń sọ̀rọ̀. Mo pè é ní Alhaji lókè, àmọ́ Bàbá ò ní di Alhaji lọ́dún yìí mọ́.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa jẹ́wọ́?