Ìdérí Ìkòkò Tí Alátùpà Ń Kó Jọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orílẹ̀-èdè South Africa ń múra ìdìbò àkọ́kọ́ tí dúdú àti funfun yóò jọ dì, yàrá méjì ni à ń gbé ní Berea, ní Johannesburg, ní àjà kẹfà ilé kan tí a máa ń fi ẹsẹ̀ gùn dé òkè. Bàbá mi ń ta aṣọ láàárín ìgboro, màmá mi sì ń ránṣọ nílé. Ẹ má rò pé ìtàn ìyà ni mo fẹ́ sọ fún yín o. Ìtàn ọ̀dàlẹ̀ kan tí mo fẹ́ràn gan-an ni.

Ìyá màmá mi, tó wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló ni ọ̀dàlẹ̀ náà. Owó tẹlifóònù wọ́n nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì la fi ń kí ara wa. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó máa ń lọ ra ọjà l'Ékòó, ló ń bá wa gbé e. Màmá àgbà á sọ̀rọ̀ sí ojú kìíní, àwa á fèsì sí ojú kejì. Tó bá ti kí wa tán, tó ti bèèrè bóyá à ń jẹun dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ ń hun, nípa ìlú kan tó wà lábẹ́ odò.

Àtùpà ńlá kan ṣoṣo tó wà láàfin ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ìlú náà, ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Alátùpà. Ọ̀yájú kọ́ o! Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ọmọdé pàápàá. Ṣùgbọ́n ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń gba ìdérí ìkòkò, ó ní òun fẹ́ bá wọn dán an lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sì dá ọ̀kan padà.

Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí gba gbogbo ilé kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní yóò fi wọ́n kan ọkọ̀, yóò gbé àtùpà sá lọ. Èmi ní rárá, yóò rán wọn pọ̀ bí ẹni rán aṣọ di ìdérí ńlá kan, yóò fi bo àtùpà náà, kí gbogbo ìlú lè máa wá bẹ òun fún ìmọ́lẹ̀. “No ways!” ni ẹ̀gbọ́n mi á pariwo. Ìyá àgbà Súlù kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa gbọ́ ìjà wa. “Eish!” ló wí, ó ní kò sí ète kankan níbẹ̀, olè lásán ni, yóò lọ tà wọ́n ni.

Ní ọjọ́ kan, kásẹ́ẹ̀tì dé, ojú kìíní sì tán gẹ́lẹ́ níbi tí ọba ti ní kí Alátùpà ṣí ilẹ̀kùn àká rẹ̀. A rò pé màmá àgbà mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró ni, kó lè máa dán wa wò. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ tí ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa rìnrìn àjò, ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà níléèwé. Mo yára ki ojú kejì bọ inú rẹ́kọ́dà, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo sì sọ tèmi nípa ìdérí ńlá náà, kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Ẹnu mi kò dákẹ́ bọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, a gbọ́ ọ. Ohùn mi parí, rẹ́kọ́dà ró pá, la bá gbọ́ ohùn màmá àgbà: “...ìdí tó fi ń kó ìdérí jọ nìyẹn. Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Àṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn, ló bá sọ ọ́ kọjá sí ojú kejì. Èmi ni mo fi ohùn mi pa á rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún bí ọmọ ọwọ́. Màmá mi ò nà mí. Ó kàn ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. N ò lè jẹun alẹ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí èsì tó dé. Màmá àgbà ti gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn ohùn mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Kò bá mi wí rárá. Ó kàn ń bá ìtàn lọ: Alátùpà rán àwọn ìdérí pọ̀, ó fi bo àtùpà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí! Mo fò sókè, mo ń yọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Ó ní màmá àgbà kàn fẹ́ tù mí nínú ni. Ó tọ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kí n bèèrè ohun tí màmá àgbà sọ gan-an níbi tí mo pa rẹ́. Kí ọdún tó tẹ̀lé e tó parí, màmá àgbà ti sùn nínú Olúwa, a kò sì tíì padà sílé.

Lónìí, mo ń wò yín pẹ̀lú fóònù yín, bí ẹ ṣe ń bá ẹni tí ẹ kò rí rí jiyàn nípa ohun tí ọ̀dàlẹ̀ inú ìwé fẹ́ ṣe. Ó wù mí láti máa wò yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiyín kì í sọnù. Ẹ ó tẹ ibì kan, yóò tún jáde. Gbogbo ìṣẹ́gun tí mo ṣẹ́ lórí ẹ̀gbọ́n mi, ǹ bá fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré nínú ohùn tí mo pa rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti hu ewú báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ní, “Àbúrò, ó ti yé mi. Alátùpà fẹ́ fi àwọn ìdérí yẹn ṣe dígí ni, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn dé ojúlé àwọn tálákà. Kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ rárá.” N ò bá a jiyàn. Mo ní kó tún un sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí màmá àgbà ì bá ṣe sọ ọ́.