Ọjọ́ Tí Mo Ká Kápẹ́ẹ̀tì Kúrò Lórí Àtẹ̀gùn

Òórùn àgbọn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nílé mi ní Aradagun lẹ́bàá Badagry, kí onítọ̀hún tó rí ilẹ̀kùn rárá. Adín àgbọn tí Màmá mi ń sè lẹ́yìnkùlé ni. Ó ti wọ ara ògiri, ó ti wọ ara kọ́tìnì, ó sì ti wọ inú kápẹ́ẹ̀tì pupa tó wà lórí àtẹ̀gùn wa, débi pé bí afẹ́fẹ́ òkun bá fẹ́ wọlé, ńṣe ni gbogbo àtẹ̀gùn náà á máa ta sánsán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà o. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ́ ọ, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ṣùgbọ́n béèrè mi láti Morogbo títí dé Gbaji, wọ́n á fi ilé tí mo kọ́ hàn ọ́. Àwọn tó jáde ní yunifásítì ń sùn nínú yàrá tí mo kọ́, wọ́n ń hanrun, ilé ò wó lé wọn lórí. Mi ò fi yangàn, bó ṣe rí ni mo kàn ń sọ.

Màmá ló ra kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Àjàṣẹ́ ló ti rà á lọ́dún tí mo parí ilé, ó sì gbé e kọjá ẹnubodè bí ẹni pọn ọmọ. Ègùn ni Màmá mi, Yorùbá rẹ̀ ò já gaara títí tó fi darúgbó. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, "ovi ṣie" ló máa ń pè mí, ìyẹn "ọmọ mi" lédè wọn. Nígbà tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ kápẹ́ẹ̀tì náà tán láti òkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀ ládùúgbò wa. Àwọn èèyàn ń wá wò ó. Màmá sì fi òfin kan lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà gùn ún, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà jẹ́ baálẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kóówá ń bọ́ bàtà sí. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń gòkè nílé mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kápẹ́ẹ̀tì náà gbó, bí gbogbo nǹkan ṣe ń gbó. Lókè, nítòsí yàrá Màmá, àyọ́ọ̀nù ìyàwó mi bọ́ lé e, ó jó o luhò. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yà, ó wú sókè bí àkàrà. Ọ̀dà tí mo dà sí i nísàlẹ̀ le gbagidi bí èèpá ojú ọgbẹ́. Adín ti dà síbì kan láàárín, ibẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ̀. Àwa tá à ń gun àtẹ̀gùn náà lójoojúmọ́, a ò rí gbogbo ìyẹn mọ́.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ rárá, ìjì ká páànù wa, òjò sì rọ̀ dà sórí àtẹ̀gùn. Kápẹ́ẹ̀tì mumi yó. Òórùn àgbọn yí padà, ó di òórùn ewúrẹ́ tí òjò pa. Ìyàwó mi ò lè mú un mọ́ra.

"Dádì, ṣé ẹ̀ ń gbóòórùn ilé yín báyìí?" ó ní. "Ẹ̀ ń lẹ táìsì fún gbogbo ayé, àwa ń bá òkú ewúrẹ́ gbé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ńlá kan ní Gbaji ni, onílé sì ti fún mi ní táìsì tó ṣẹ́ kù, aláwọ̀ wàrà, tó ń dán bí ojú dígí. Mo lọ bá Màmá lẹ́yìnkùlé, mo ní mo fẹ́ ká kápẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó ti ìkòkò adín rẹ̀, ó dẹ etí sí i, kò wojú mi.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Á gbẹ."

"Màmá, ó ti jẹrà."

"Èmi náà ti jẹrà. Ṣé wàá ká èmi náà dà nù ni?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé torí pé òun ló rà á ni. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ tó bá fojú kan táìsì tó ń kọ mọ̀nà, á gbàgbé kápẹ́ẹ̀tì.

Òwúrọ̀ Sátidé ni mo ká a. Màmá wà lókè, ó ní oorun ń kun òun. Mo mú ọ̀bẹ tó mú dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mò ń fẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀. Omi ti mú kó wúwo jù, mi ò lè ká a lódindi, nítorí náà mò ń gé e ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, mò ń ju ègé kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀, ìyàwó mi sì ń wọ́ ọ lọ sẹ́yìnkùlé. Bí mo ṣe ń fà á, gọ́ọ̀mù ń ya, ó ń dún fàààà. Yanrìn ń tú jáde lábẹ́ rẹ̀, yanrìn etí òkun, funfun, tó ti ń bá ẹsẹ̀ wa wọlé látayébáyé. Mo rí bọ́tìnì, mo rí pínnì irun, mo rí eyín kékeré kan, eyín ọmọbìnrin mi tó ti wà nílé ọkọ báyìí. Mo fi eyín náà sápò.

Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ apẹja lórí ọ̀sà ń kọjá lọ, ó yọjú.

"Bíríkìlà! Ṣé ò ń bó ilé rẹ láwọ ni?"

"Ẹni tó nílé ló ń bó o," mo dá a lóhùn. "Ìwọ tó ò ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi, kí lo fẹ́ bó?"

"Ẹnu ẹ yìí! Fún mi níbẹ̀, kí n fi tẹ́ inú ọkọ̀ mi, ìdí ń ro mí."

Mo ní kó ṣa èyí tó bá wù ú. Ó ṣa mélòó kan, ó rù ú, ó lọ.

Nígbà tí mo ká gbogbo rẹ̀ tán, mo mú ìgbálẹ̀, mo padà sókè láti gbá yanrìn. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo kọjú sí i, mo rẹ́rìn-ín, mo na ọwọ́ bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà, mò ń retí kó bú mi. Ó ń bọ̀ tààrà, orí rẹ̀ ṣánṣán bíi ti ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ náà kan kọnkéré. Ó fà á sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná.

Ó tún na ẹsẹ̀ náà, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ wá nǹkan, kò bá a níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń wá ògiri. Ojú rẹ̀ wà lójú mi gan-an, bí mo bá nawọ́, mo lè fọwọ́ kàn án.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ó béèrè. "Ṣé ẹnì kankan wà níbẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

"Màmá, èmi nìyí. Iwájú yín ni mo wà."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ó ní. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀ lókè àtẹ̀gùn, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Mo jókòó nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo béèrè pé látìgbà wo ni kò ti ríran mọ́. Ó ní ó ti pẹ́, pé ojú òsì ló kọ́kọ́ lọ, ọ̀tún tẹ̀ lé e, pé ó rọra lọ ni, bí omi ọ̀sà ṣe ń fà lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí èèyàn ò ní tètè fura. Mo wá ń rántí. Mo rántí pé kì í kí ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo rántí pé nígbàkigbà tí mo bá ní ká jọ lọ sí Badagry, á ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò?" Mo máa ń sọ pé àgbà ló ń ṣe é.

"Adín ńkọ́?" mo bi í. "Báwo lẹ ṣe ń sè é?"

"Adín ń sọ̀rọ̀. Bó bá jinná, ariwo rẹ̀ á yí padà. Ta ló ń fojú se adín?"

"Ẹ ò bá sọ fún mi, Màmá."

"Kí n sọ fún ọ? Ẹ̀gbọ́n mi tó fọ́jú, níbo ni wọ́n gbé e sí?"

Mo mọ ibẹ̀. Ní abúlé wọn lódìkejì ọ̀sà, kọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n tẹ́ ẹní fún un sí. Wọ́n á gbé oúnjẹ lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bíi pé ó ti re àjò. Kékeré ni mí nígbà náà, èmi náà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìkí i.

"Bí èèyàn ò bá ríran mọ́, wọ́n á ṣe bíi pé kò gbọ́ràn mọ́," Màmá ní. "Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé yìí, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n."

Mo ní àtẹ̀gùn kan náà ṣì ni, ògiri wà lọ́tùn-ún lósì, kó kàn máa kà á sọ̀ kalẹ̀. Ó mi orí.

"Ta ló ń ka àtẹ̀gùn? Àtẹ̀gùn rẹ ò dọ́gba, ovi ṣie. Òmíràn ga, òmíràn kúrú. Látọjọ́ tó o ti kọ́ ọ ni mo ti mọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ èyí tó kàn fún mi."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́, à bá jà. Èmi tí wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn! Ṣùgbọ́n mo gbé tépù wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, òótọ́ ni. Sìmẹ́ǹtì tán nígbà tí mo kọ́ ìlàjì, ọjọ́ sì lọ kí n tó padà kọ́ ìyókù. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi àtẹ̀gùn yẹn ṣe fáàrí fún àlejò, Màmá wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ òtítọ́, kò sì dójú tì mí.

Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó jókòó sórí òkìtì kápẹ́ẹ̀tì náà, ó bú sẹ́kún, ó ní òun àti Màmá jọ ń ha àgbọn lójoojúmọ́, òun ò mọ̀. Mo lọ bá apẹja létí ọ̀sà. Ó ti kan àwọn tiẹ̀ mọ́nú ọkọ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ọkùnrin tí kì í dákẹ́ yẹn mú òòlù, ó ń yọ ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kó wọn fún mi, àfi ègé kan tó ti là wẹ́wẹ́, tó fi dí ibi tí ọkọ̀ ti ń jò.

A sá wọn sóòrùn títí wọ́n fi gbẹ. Ìṣòro tó kù ni pé mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti òkè, mi ò mọ ti ìsàlẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú Màmá nínú yàrá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n lójú.

"Èyí tí àyọ́ọ̀nù jó, ẹ̀bá yàrá mi nìyí. Èyí le, ọ̀dà rẹ nìyẹn, gbé e sísàlẹ̀. Èyí ń yọ̀... ìyàwó rẹ ló da adín yìí, ó ní ológbò ni."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe to gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń to ìró sínú àpótí, mo sì fi ìṣó kàn án padà bó ṣe wí. Ibi tí ègé kan ti dín, mo ra tuntun tó jọ ọ́, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀. Mi ò sọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó jáde láti sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró sísàlẹ̀, mo dì mọ́ ògiri. Ó ń bọ̀, orí rẹ̀ ṣánṣán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì ti ń sọ fún ara mi pé èmi yìí, kò sóhun tí mo bàjẹ́ tí mi ò lè tún ṣe. Ó wá dé orí èyí tuntun. Ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ pa á lọ, pa á bọ̀.

"Ta nìyí?" ó ní.

"Tuntun ni, Màmá. Ti tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Èyí tó kàn ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo rí i pé kì í ṣe àtẹ̀gùn kan ṣoṣo yẹn nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kò dá a lójú mọ́. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, sínú afẹ́fẹ́.

"Wá fà mí lọ́wọ́," ó ní.

Mi ò rántí ìgbà tó ti bẹ̀ mí ní nǹkan rí. Mo sáré gòkè, mo dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ó ń yọ̀ nítorí adín. Mo mú un sọ̀ kalẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò dá sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá sí nílé, ìyàwó mi á mú un. Nígbà tó yá, ó ní ká gba ìkòkò adín lọ́wọ́ òun. Ó ń jókòó sójú fèrèsé lókè, ó ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nubodè. Nígbà tó tún yá, kò ní ká wá mú òun mọ́. Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tó fi kú.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo gbéra ga jù. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ti mọ ibi tí mo ti mú ìgbéraga náà wá, ọwọ́ Màmá ni. Tèmi ló ní ariwo nínú. Ti Màmá ni kó máa rìn nínú òkùnkùn, kó má pe ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tó nawọ́ sí mi yẹn. Mo rò pé ó ti gbà kí n máa tọ́jú òun, mo tiẹ̀ ń ròyìn rẹ̀ káàkiri pé èmi ni mò ń mú ìyá mi rìn. Mi ò mọ̀ pé ohun tó fi ń dúró ló gbé lé mi lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn, pé ọjọ́ náà gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.