Fèrè Olóògbé Lẹ́nu Ẹni Tó Wà Láàyè

Kò sẹ́ni tó ń mí nínú àgbàlá wa. Ọ̀gá àwọn ará tẹlifíṣọ̀n, tó wọ dígí dúdú láti Kútọnù tí kò sì bọ́ ọ kódà nínú yàrá, ti gbé ọwọ́ sókè. Òórùn epo ẹ̀rọ amúnáwá pò mọ́ ti ẹ̀wà tí ìyá mi gbàgbé sórí iná. Láàrin wa ni aládùúgbò wa, arúgbó tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, jókòó sí, nínú kóòtù funfun tó ti di àwọ̀ àgbàdo, ó gbá fèrè idẹ rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Gbogbo àdúgbò wa, Ladjifarani, mọ̀ pé Bàbá ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ olórin jáàsì sílẹ̀ ní Parakou, nítorí pé láràárọ̀ ló ń sọ ọ́ fún wa, bó ṣe ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ nu fèrè náà. A ti sọ ọ́ di àwàdà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ tẹlifíṣọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ la rántí pé a ti ń bọ̀wọ̀ fún un tipẹ́.

Eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. Ọ̀gá náà ní kò burú, àwọn á lo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, kí Pàpá kàn máa ju ìka kí wọ́n sì fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀, fèrè ń dún nínú rẹ̀. Bàbá gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

“Èmi kọ́ ni mo fun eléyìí. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì ti kú. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Banikanni, ó sì ní tẹlifíṣọ̀n.”

“Pàpá, ta ló máa mọ̀?”

“Òun.”

Ìyàwó Bàbá rọra bẹ̀ ẹ́ pé ogójì ọdún ló fi retí ọjọ́ yìí, kó má fi òótọ́ bà á jẹ́. Bàbá ní òun á fun tòun fúnra òun, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fi èrìgì tì í. Ó fun ún dé òpin, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn máa fi í hàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Bàbá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ìka rẹ̀ ń jó. Fèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń dún. Wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Àdúgbò hó yèè. Ó ń wí pé òun kọ́, wọ́n ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ àgbà. Olórí àdúgbò tilẹ̀ ní òun dá bó ṣe ń fun fèrè mọ̀ láti kékeré.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Bàbá gun zemijàn, alùpùpù akérò, ó gbé mi sáàrin, ó ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí. Opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sẹ́ gààrì lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ fún obìnrin tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó ro gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà kò dáwọ́ dúró. Bó ṣe ń sẹ́ ẹ, ó ní, “Ohùn ọkọ mi ni mo gbọ́, ojú yín ni mo rí.” Ó kọjú sí mi. “Báwo ni ti ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ṣe dún?”

Mo wo Bàbá nílẹ̀. Ó mi orí pé kí n sọ.

“Bí ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sọ́gbà.”

Opó náà gbé asẹ́ kalẹ̀. “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi ì bá rẹ́rìn-ín.”

Olùkọ́ yunifásítì ni mí báyìí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yìn mí ní gbọ̀ngàn fún ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi ṣe ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Ìlà ẹ̀yìn ló jókòó sí. Mo tẹríba, mo dúpẹ́. Láti ìgbà náà mo ti wádìí ọ̀nà ilé rẹ̀, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì kan ilẹ̀kùn.