Àpótí Tó Dé Láìsí Ẹni Tó Ni Ín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé mi yìí wé ti àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò ní ilé-ìwé àwọn oníjọ ní Ìbàdàn kí wọ́n tó ní kí n padà wálé, n kò sì kọ ohun tó gùn ju ìwé ìkíni lọ rí. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi fà á tọ́. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kàn. Abúlé kan lẹ́yìn Erúnmu ni wọ́n ti bí ọkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni gbogbo ilé wọn, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ràn oko. Ó bá rélùwéè lọ sí Èkó, wọ́n sì gbà á sínú ọkọ̀ òkun, ó ń da èédú sínú iná tí ń mú ọkọ̀ rìn. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e lọ, wọ́n gba yàrá kan nítòsí èbúté.

Mo lo ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Obìnrin ló kún agbo ilé náà, ojú omi sì ni ọkọ gbogbo wọn wà. Kálukú ló mọ ohùn fèrè ọkọ̀ tirẹ̀. Bí fèrè bá ti dún, ọ̀kan á ju ìgbákọ sílẹ̀, á máa so gèlè bó ti ń sáré lọ, àwọn yòókù á sì mú un ṣe yẹ̀yẹ́.

“Rọra o, ìyàwó! Ọkọ̀ kò ní í padà sẹ́yìn!”

“Ẹ fi í sílẹ̀ kó sáré. Ṣé ẹ rò pé oṣù mẹ́jọ dà bí ọjọ́ mẹ́jọ ni?”

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀ tí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ dún, tí ó dé èbúté, tí kò rí ọkọ. Àpótí ọkọ ni ẹlòmíràn gbé tẹ̀ lé e wálé. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè. Àwọn obìnrin náà gbé ìkòkò wọn kúrò lórí iná, wọ́n wá jókòó tì í, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ní èbúté, àpótí tó bá dé láìsí ẹni tó ni ín ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ ìrìn-àjò tó jìn, ó ní kí ìyàwó òun lọ dúró de òun ní ilé bàbá òun. Wọ́n mú èmi náà wá síbẹ̀ kí n máa bá a gbé, nítorí kò ì tíì bímọ, ó sì dá nìkan wà. Ọdún kejì ń parí lọ nígbà tí ọkùnrin kan ru àpótí wọlé wá láti Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ inú ọkọ̀ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọkọ, kò sì dìde.

“Ìyá, ẹ ṣe ọkàn yín gírí. Ọ̀rẹ́ mi sùn.”

Ibà ló pa á láàárín agbami. Wọ́n rán an mọ́ aṣọ, wọ́n so irin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sínú òkun. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, ìyá ọkọ fi igbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi kò ké. Ó gbé àpótí náà wọ yàrá.

Oko kòkó lọ́nà Àkànràn ni baálé ilé wà, ọjọ́ mẹ́ta sì ni ìránṣẹ́ yóò fi lọ pè wọ́n dé. Ọ̀rẹ́ náà kò lè dúró, ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣí.

Òórùn àpótí yẹn gba gbogbo yàrá: òórùn iyọ̀ àti èéfín èédú. Ẹ̀gbọ́n mi sùn tì í, kò jẹun. Mo rò pé òórùn náà ni kò jẹ́ kó lè jẹun. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oorun gbé e lọ, mo kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí odò. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ àwọn aṣọ àti fìlà. Òòyà onígi kan wà níbẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ àṣà àwọn ará ọkọ̀, kì í fárí mọ́. Irun rẹ̀ há sí eyín òòyà náà. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ ọ́, mo fi yanrìn ha á, mo sì jẹ́ kí omi gbé irun náà lọ. Inú mi dùn bí ó ti mọ́.

Baálé ilé dé, wọ́n sì pe gbogbo ilé jọ. Wọ́n ní kí a gbé àpótí wá.

“Ẹ̀tà rẹ̀ dà?” ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ.

Nígbà náà ni mo rántí irun tí omi gbé lọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá kú sí ọ̀nà jíjìn, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gé wálé fún ìsìnkú, òun ni à ń pè ní ẹ̀tà. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn ní odò ni.

“Bàbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òyìnbó kò jẹ́ kí àwọn súnmọ́ ọn,” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Wọ́n yí fìlà sí òdì, wọ́n gbọn ẹ̀wù. Wọ́n gbé òòyà sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

“Bí a bá tilẹ̀ rí ẹyọ irun kan, a ó mọ ohun tí a fẹ́ sin. Ta ló fọ èyí mọ́ báyìí?”

Àbúrò wọn kan rẹ́rìn-ín. “Àwọn òyìnbó ni. Wọ́n fẹ́ràn ọṣẹ ju oúnjẹ lọ!”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó sì wo ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló kún ibẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ láàárín àgbà rí láyé mi.

“Ẹ má sin ọmọ mi láàyè,” ni ìyá ọkọ ń wí. “Ẹnu àlejò kọ́ ni a ń sin. Ẹ má sin ín.”

Baálé ilé dá òòyà náà padà sínú àpótí. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. “Ìyàwó, má dá wa lẹ́bi. A kì í ṣe opó ẹni tí a kò sin. Máa di irun rẹ, máa kun osùn rẹ, ìyàwó ilé wa ni ọ́. Bí òkun bá fẹ́ dá nǹkan padà, yóò dá a padà.”

Ká ní wọ́n sin ín ni, oṣù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ì bá fi ṣe opó. Lẹ́yìn rẹ̀ wọn ì bá bi í bóyá yóò fẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀, tàbí yóò padà sí ilé bàbá wa. Ilé bàbá wa ló ti ń wù ú, ó ti sọ fún mi. Ní báyìí kò sí ẹni tí yóò bi í. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Yóò máa jí, yóò máa gbálẹ̀, yóò máa kun osùn de ẹni tí irin ti fà lọ sí ìsàlẹ̀ omi, kò sì sí ibì kan tí èmi tàbí òun lè lọ gba irun yẹn padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ọkọ fúnra wọn ló pè é, wọ́n dì í ní irun tuntun, wọ́n sì ń kọrin sí i lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ará ilé tó ti oko wá jẹun, mo gbé àpèrè ìjókòó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì pè é. Ó jókòó sáàárín orúnkún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, mo ń tú irun náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń tú u fún opó. Ẹnikẹ́ni kò fún wa láṣẹ. Nígbà tó ku ẹyọ kan níwájú orí, mo sọ fún un pé èmi ni mo fọ òòyà náà, ọwọ́ mi kò sì dúró.